Ebè Ni Wọ́n Ń Kà Kí Ọ́fíìsì Tó Dé

Ọ̀rọ̀ tọ̀tẹ̀ yìí gùn díẹ̀, ẹ fara dà á fún mi. Tí dátà yín ò bá pọ̀, ẹ má mikàn, kò sí fọ́tò kankan nínú rẹ̀.

Ẹ ó rántí àríyànjiyàn tó wáyé lórí gúrúùpù WhatsApp wa lóṣù tó kọjá. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀gbọ́n wa obìnrin tó ń gbé ní Ring Road ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ó ní ilé iṣẹ́ tí òun ń bá ṣiṣẹ́ l'Ékòó ti ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ padà sí ọ́fíìsì lójoojúmọ́. Ọdún mẹ́rin ló ti ń ti inú yàrá rẹ̀ ṣe iṣẹ́ náà, kò sì sẹ́ni tó rí àléébù kankan sí i. Ó wá béèrè lọ́wọ́ wa pé ṣé kí òun kó lọ sí Èkó ni, àbí kí òun fi iṣẹ́ sílẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọ̀rọ̀ ti di iṣu ata yán-an-yàn-an. Bàbá wa kan fi ohùn ránṣẹ́, wọ́n ní, "Iṣẹ́ wo ló wà nínú ilé? Ẹni tó bá níṣẹ́ lọ́wọ́, àárọ̀ ló ń jáde." Àwọn ọ̀dọ́ kan fèsì, èsì ọ̀hún ò dùn ún gbọ́, mo sì ti bá wọn tọrọ àforíjì lọ́dọ̀ bàbá. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ohun tí ẹ̀gbọ́n náà sọ fún mi nígbà tí mo pè é: ìyá rẹ̀ gan-an máa ń rán an lọ lọ ata ní aago mọ́kànlá òwúrọ̀, pé "ṣebí ilé náà lo wà."

Mo ṣèlérí lọ́jọ́ yẹn pé màá lọ wo ìtàn, màá sì mú àbọ̀ wá. Ohun tí mo bá bọ̀ nìyí: kì í ṣe iṣẹ́ inú ilé ni tuntun ní ìlú wa. Ọ́fíìsì gan-an ni àlejò, kò sì tíì pẹ́ tó dé.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tí a ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Baṣọ̀run Olúyọ̀lé, tó kú ní 1847, jagunjagun lọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ ọ́n sí, àmọ́ ó fẹ́ràn iṣẹ́ oko gan-an. Àlùfáà Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀ pé oko rẹ̀ tóbi, ó sì pín in: ilá lọ́tọ̀, ẹ̀wà lọ́tọ̀, àgbàdo lọ́tọ̀, iṣu lọ́tọ̀. Ẹrú pọ̀ lára àwọn tó ń ro irú oko bẹ́ẹ̀ láyé ìgbà náà, n ò ní fi ìyẹn pamọ́ fún yín. Nítorí náà, tí mo bá ń sọ̀rọ̀ ayé àtijọ́, ẹ má rò pé mò ń sọ pé ayé dùn fún gbogbo èèyàn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ wò ni bí wọ́n ṣe ń ka iṣẹ́.

Ebè ni wọ́n ń kà. Ẹ wo ọ̀rọ̀ ìwọ̀fà. Ẹni tó yá owó tó sì fi ara rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà, iṣẹ́ ló máa fi sin owó náà títí yóò fi san gbèsè. Ṣùgbọ́n Johnson kan náà ṣàlàyé pé ìwọ̀fà ń gbé ilé ara rẹ̀, ó sì ń ṣe iṣẹ́ ti ara rẹ̀. Ohun tí olówó ní lọ́wọ́ rẹ̀ ni iye ebè tí wọ́n dá fún un. Tó bá ti kọ iye ebè náà pé, ó di ilé. Olówó ò ní kó wá jókòó sábẹ́ igi títí oòrùn á fi wọ̀, kí ojú òun lè máa tó o. Ẹ gbọ́ ná, gbèsè ni ẹni yẹn jẹ o! Síbẹ̀ wọ́n mọ ibi tí iṣẹ́ parí sí.

Àáró náà bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn àgbẹ̀ mẹ́rin márùn-ún á kóra jọ, òní oko tèmi, ọ̀la oko tìrẹ. Iye ebè tí mo kọ fún ọ ni wàá kọ fún mi. Ẹni tó yára á tètè sinmi. Ẹni tó lọ́ra, ìyà ẹ̀ ló jẹ. Kò sẹ́ni tó ń fa ìlà sábẹ́ orúkọ ẹnikẹ́ni.

Tí a bá wá kúrò lóko wọ inú ìlú, ibo ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́? Agbo ilé ni. Alágbẹ̀dẹ, ahunṣọ, aláró, agbẹ́gilére, oníṣègùn, ilé wọn ni ibi iṣẹ́ wọn, tàbí ẹ̀bá ilé. Ọmọ ń wo ọwọ́ bàbá, ó ń fẹ́ iná ẹwìrì, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń mọ iṣẹ́. Àwọn ìyá wa ni wọ́n tiẹ̀ fi hàn jù. Ẹni tó ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ, yóò tẹ́ aṣọ sílẹ̀, yóò ti ìyẹ́ adìyẹ bọ ẹ̀kọ láfún, yóò máa ya iṣẹ́ ọnà sí aṣọ náà kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró. Ọmọ lẹ́yìn, ọbẹ̀ lórí iná, iṣẹ́ lọ́wọ́. Tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún irú ìyá bẹ́ẹ̀ pé kò níṣẹ́ nítorí pé kò jáde nílé láàárọ̀, ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tí ìyá Ìbàdàn máa fi ẹnu rẹ̀ ṣe.

Báwo wá ni aago ṣe wọlé? Ẹ kíyè sí i pé inú agogo ni ọ̀rọ̀ tí à ń pè ní aago ti wá, ohun tí wọ́n ń lù láti fi pe èèyàn jọ. Ní 1893, Ìbàdàn bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn, ọdún yẹn náà ni Captain Bower dé gẹ́gẹ́ bí Àjẹ́lẹ̀ àkọ́kọ́. Àmọ́ Àjẹ́lẹ̀ kan pẹ̀lú àwọn ṣọ́jà rẹ̀ kò tíì sọ ìlú di ìlú ọ́fíìsì. Èyí tó ṣe é ni rélùwéè.

Kí rélùwéè tó dé ọ̀dọ̀ wa, ohun kan ti ṣẹlẹ̀ l'Ékòó tó yẹ ká mọ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1897, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tó wà lábẹ́ ẹ̀ka iṣẹ́ òde ìjọba, ìyẹn PWD, da iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀kan lára ìyanṣẹ́lódì àkọ́kọ́ tí ìtàn ilẹ̀ wa mọ̀ nìyẹn. Gómìnà Henry McCallum ló fẹ́ yí àkókò iṣẹ́ wọn padà, kí wọ́n máa wá, kí wọ́n sì máa lọ bó ṣe wù ú. Wọ́n ní rárá. Ìgbẹ̀yìn-gbẹ́yín, gómìnà ní láti bá wọn dúnàá-dúrà. Ẹ wò ó dáadáa: ó lé ní 120 ọdún kí àrùn kòrónà tó dé, àwọn bàbá wa ti ń bá ọ̀gá jà lórí ẹni tó ni àkókò. Nígbà tí mo kà á, mo rẹ́rìn-ín. Mo ti rò pé ìran tiwa ló bẹ̀rẹ̀ wàhálà yìí.

Ní 1901, ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti Èkó dé Ìbàdàn. Ibùdó rẹ̀ bọ́ sí apá Dùgbẹ̀, àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó sì rọ́ tẹ̀lé e: John Holt, PZ, SCOA àti àwọn mìíràn, láti Dùgbẹ̀ títí dé Gbági àtijọ́. Bí Dùgbẹ̀ ṣe di Dùgbẹ̀ nìyẹn. Ọkọ̀ ojú irin kì í dúró de èèyàn, nítorí náà òṣìṣẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ aago. Akọ̀wé ilé ìtajà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. N ò ní parọ́, iṣẹ́ yẹn ní ìdí tó fi yẹ kí èèyàn wà lójú kan náà lásìkò kan náà. Ọjà wà nínú ṣọ́ọ̀bù, ìwé owó wà nínú ṣọ́ọ̀bù, kò sí bí akọ̀wé ṣe fẹ́ gbé e lọ sílé.

Lẹ́yìn náà ni ìjọba alára wá gbòòrò. Wọ́n kọ́ Mápó tán ní 1929, òpó rẹ̀ gbàǹgbà-gbàǹgbà lórí òkè. Ǹjẹ́ ẹ mọ ibi tí òpó yẹn wọ̀? Ó wọ inú àdìrẹ. Aṣọ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn, òpó Mápó ló wà nínú ọnà rẹ̀. Ìyá tó jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé, ló ya àwòrán ọ́fíìsì tó tóbi jù nílùú sára aṣọ, ó sì tà á. Ó wù mí kí bàbá wa tó fi ohùn ránṣẹ́ ro èyí díẹ̀.

Ní 1939, ìjọba àmúnisìn pín gúúsù Nàìjíríà sí méjì, Ìbàdàn sì di olú ìlú apá Ìwọ̀ Oòrùn. Yunifásítì dé ní 1948, ilé ìwòsàn UCH ní 1957. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ di olórí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ní 1952, ó sì di Prẹ́míà ní 1954. Sẹkitéríàtì ní Àgodi kún fún akọ̀wé láti Ìjẹ̀bú, Èkìtì, Oǹdó, Benin. Ibo ni wọ́n máa gbé? Ní 1958 ìjọba dá Housing Corporation sílẹ̀, Bódìjà sì wà lára àwọn ẹ́sítéètì àkọ́kọ́ tó kọ́. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sí Bódìjà, ẹ mọ bí àwọn ilé àtijọ́ yẹn ṣe rí: ọgbà, ibi ìgbọ́kọ̀sí, ilé ọmọ ọ̀dọ̀ lẹ́yìn. Kò sí ọ̀ọ̀dẹ̀ tí èèyàn lè hunṣọ sí. Wọ́n kọ́ ọ fún ẹni tó máa wọ mọ́tò lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, tó máa padà wá jẹun, tó máa sùn. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti fi odi pààlà láàárín ilé àti iṣẹ́ ní ìlú wa. Kò ju 70 ọdún lọ. Bàbá wa tó fi ohùn ránṣẹ́ dàgbà ju odi yẹn lọ.

Cocoa House ló wá dé gbogbo rẹ̀ ládé. Àjà 26, gíga mítà 105, wọ́n parí rẹ̀ ní 1965. Ó jóná ní oṣù kìíní 1985, wọ́n tún un ṣe, ó sì padà ṣílẹ̀kùn ní 1992. Ilé ọ́fíìsì ni, tí gbogbo wa fi ń yangàn. Owó tó kọ́ ọ ńkọ́? Owó kòkó ni. Kòkó sì rèé, orí òṣùwọ̀n ni wọ́n ti ń san owó rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi àgbẹ̀ léèrè pé aago mélòó lo dé oko, àbí pé kí ló dé tí o fi tètè kúrò lóko lánàá. Àpò mélòó, ìwúwo mélòó, gba owó ẹ. Owó àwọn tí wọ́n ń fi òṣùwọ̀n ka iṣẹ́ wọn ni wọ́n fi kọ́ ilé fún àwọn tí wọ́n ń fi àga ka tiwọn.

Mo ní àga, mo sì mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣiṣẹ́ ìjọba rí, ẹ sọ òtítọ́. Ìwé ìfọwọ́sí wà lórí tábìlì láàárọ̀, tí aago bá ti kọjá, wọ́n á fa ìlà pupa, ẹni tó bá dé lẹ́yìn ìlà ti pẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó dé ṣáájú ìlà, tó fi kóòtù rẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn àga, tó wá gba Dùgbẹ̀ lọ, òun ti wá síbi iṣẹ́. Kóòtù ló ń bá a ṣiṣẹ́. Àwọn èèyàn wa ló kúkú ń sọ ọ́ pé a kì í ṣiṣẹ́ ìjọba ká làágùn. Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ nìkan. Ó fi hàn pé àwọn èèyàn ti rí i pé wíwà níbẹ̀ ni wọ́n ń sanwó fún.

Òyìnbó pàápàá ti ń bi ara wọn ní ìbéèrè yìí tipẹ́. Ní 1973, ọdún tí epo wọ́n gógó lọ́dọ̀ wọn, ọkùnrin kan ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Jack Nilles bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí bí òṣìṣẹ́ ṣe lè máa ti ibi tó sún mọ́ ilé rẹ̀ ṣiṣẹ́ nípasẹ̀ tẹlifóònù, dípò kó máa wa mọ́tò wọ àárín ìlú. Àwa ò nílò irú èrò bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn. Owó epo tó ń ni wọ́n lára, àwa ló ń wọlé fún. Kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í san owó Údójì, tí òṣìṣẹ́ ń ra mọ́tò. Ó gba 50 ọdún kí ọ̀rọ̀ epo tó kan àwa náà.

Kí epo tó dé ibẹ̀, kòrónà dé. Ní 24 oṣù kẹta 2020, ìjọba àpapọ̀ ní kí òṣìṣẹ́ tó wà ní ipele 12 sí ìsàlẹ̀ dúró sílé. Lọ́dọ̀ wa níbí, gómìnà Ṣèyí Mákindé alára kó àrùn náà kí oṣù yẹn tó parí. Ìjọba ò ti ìpínlẹ̀ wa pa bíi ti Èkó àti Ògùn, àmọ́ wọ́n ṣòfin kónílé-ó-gbélé lálaalẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ ibẹ̀: ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ní kó lọ sílé, fáìlì ò bá wọn lọ. Iṣẹ́ wà lọ́fíìsì, òṣìṣẹ́ wà nílé. Ìsinmi nìyẹn, kì í ṣe iṣẹ́ láti ilé, ó sì ba orúkọ iṣẹ́ láti ilé jẹ́ lójú àwọn àgbà. Àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni tí iṣẹ́ wọn ti wà lórí kọ̀ǹpútà tẹ́lẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí lọ́wọ́. Àwọn ọmọ wa tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, tó ń ṣe ìṣirò owó, tó ń dá oníbàárà lóhùn, tó ń ya àwòrán, rí i pé wọ́n lè gba owó oṣù Èkó, kí wọ́n sì san owó ilé Ìbàdàn. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ náà, ìyanṣẹ́lódì ASUU tó gba oṣù mẹ́jọ ní 2022, láti oṣù kejì dé oṣù kẹwàá, òun ló kọ́ ọ̀pọ̀ wa ní Agbowó níṣẹ́ orí láptọ́ọ̀pù. Ebi ò jẹ́ ká sùn.

Lẹ́yìn náà ni 29 oṣù karùn-ún 2023, tí Ààrẹ Tinubu ní owó ìrànwọ́ epo ti lọ. Epo tí à ń rà ní bíi ₦190 fò kọjá ₦500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, nígbà tó fi di oṣù kẹwàá 2024 ó ti kọjá ₦1,000. Kí ni àwọn gómìnà ṣe? Ní oṣù kẹfà 2023, ìpínlẹ̀ Edo ní kí òṣìṣẹ́ máa wá sí ọ́fíìsì lọ́jọ́ mẹ́ta, kí wọ́n máa ṣe ti ọjọ́ méjì tó kù láti ilé. Kwara náà dín ọjọ́ iṣẹ́ kù sí mẹ́ta. Ní oṣù kejì 2024, Èkó ní kí ipele 1 sí 14 máa wá lọ́jọ́ mẹ́ta, kí ipele 15 sí 17 máa wá lọ́jọ́ mẹ́rin. Ìjọba tó fa ìlà pupa fún wa láti ọjọ́ yìí, òun náà ló gbà pé owó ọkọ̀ lè jẹ owó oṣù tán kí òṣìṣẹ́ tó jẹun.

Ẹ wá padà sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n wa ti Ring Road. Kì í ṣe pé ó kórìíra Èkó. Kó tó di 2020, ó ti gbé ibẹ̀ rí. Ó ní aago márùn-ún ìdájí lòún ń jáde, aago mẹ́sàn-án alẹ́ lòún ń wọlé, nítorí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, wákàtí tí òun ń lò nínú ọkọ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó èyí tí òun fi ń ṣiṣẹ́ gan-an. Ní báyìí ó ní ọmọ méjì, ó sì ń tọ́jú ìyá rẹ̀, ìyá ata yẹn. Àwọn kan ní kó máa wọ ọkọ̀ ojú irin láti Mọ́níyà. Ẹ gbà mí o, ọkọ̀ yẹn dára, kìlómítà 157 ni ojú irin náà, ṣùgbọ́n láti Ring Road dé Mọ́níyà gan-an, ìrìn àjò lọ́tọ̀ nìyẹn. Ṣé ojoojúmọ́ ni èèyàn fẹ́ máa ṣe é?

Bàbá mìíràn lórí gúrúùpù ní ọ̀lẹ ló ń mú wọn fẹ́ ilé. Ìwádìí kan jáde ní 2024 nínú ìwé ìròyìn Nature. Ọ̀jọ̀gbọ́n Nicholas Bloom àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ṣe é ní ilé iṣẹ́ Trip.com ní Ṣáínà, lára òṣìṣẹ́ tó lé ní 1,600. Wọ́n jẹ́ kí àwọn kan máa ti ilé ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ méjì lọ́sẹ̀, àwọn yòókù ń wá lójoojúmọ́. Iṣẹ́ ò bàjẹ́, ìgbéga ò dín, iye àwọn tó ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ lára àwọn tí wọ́n fún láàyè sì fi ìdá kan nínú mẹ́ta dín. Àwọn obìnrin àti àwọn tí ilé wọn jìnnà ló hàn lára wọn jù. Síbẹ̀ àwọn ọ̀gá ńlá ṣì ń pe èèyàn padà. Amazon ní kí àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì rẹ̀ máa wá lọ́jọ́ márààrún láti 2 oṣù kìíní 2025. Ó yé mi. Ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń ka ebè, àga nìkan ni ojú rẹ̀ lè rí.

Àmọ́ n ò ní ṣe bíi pé àwọn ọ̀dọ́ ni wọ́n jàre délẹ̀délẹ̀. Nígbà tí mò ń kọ èyí, mo lọ sí Dùgbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo jókòó sọ́dọ̀ ìyá kan tó ń ta ìrẹsì àti àmàlà lẹ́yìn àwọn ilé ọ́fíìsì. Ìyá yẹn ò mọ iṣẹ́ láti ilé, ohun tó mọ̀ ni pé abọ́ tí òun ń tà ti dín. Òun, ọlọ́kadà, ẹni tó ń gbálẹ̀, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, kò sí láptọ́ọ̀pù tó lè gbé iṣẹ́ wọn lọ sílé. Kì í sì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ló yẹ kó wọ àárín ilé. A ò tíì gbàgbé alẹ́ 16 oṣù kìíní 2024 ní Bódìjà, nígbà tí ohun abúgbàù tí àwọn awakùsà tí kò gbàṣẹ kó pamọ́ sínú ilé kan, gẹ́gẹ́ bí gómìnà ṣe sọ, dún, tó ba ọ̀pọ̀ ilé jẹ́, tó sì mú ẹ̀mí lọ.

Ọ̀kan ṣì kù tó ká mi lára ju ìwọ̀nyẹn lọ. Àwọn bàbá wa tó ń ti ilé ṣiṣẹ́, wọn ò dá wà. Agbo ilé ni. Ọmọ iṣẹ́ ń wo ọ̀gá, ọ̀gá ń bá a wí, ẹ̀rín wà, ìjà wà, ẹnìkan á ní "gbé irin yẹn wá." Ẹni tó ń ti ilé ṣiṣẹ́ lónìí, òun nìkan ló wà nínú yàrá, fèrèsé pípadé nítorí ariwo jẹnẹrétọ̀ ará ilé kejì. Ọmọ ọdún 22 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́, ọwọ́ ta ló ń wò? Tí ó bá tún jẹ́ ọkùnrin, tó ń ji lálẹ́ nítorí oníbàárà rẹ̀ wà ní Kánádà, àwọn aládùúgbò á ti pè é ní ọmọ Yàhúù, onílé á máa wá ọ̀nà láti lé e. Mo mọ méjì tí èyí ti ṣẹlẹ̀ sí ní àdúgbò wa, ọmọ ẹgbẹ́ wa làwọn méjèèjì. Ti iná mànàmáná, ẹ má tiẹ̀ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀. Láti oṣù kẹrin 2024 tí wọ́n ti sọ owó iná Band A di ₦225 fún yúnìtì kan, ẹni tó ní iná ń sá fún un, ẹni tí kò sí ní Band A ń wá a.

Nítorí èyí ni ìgbìmọ̀ ọ̀dọ́ ṣe kọ ìwé sí ẹgbẹ́ lórí yàrá tó wà lẹ́yìn gbọ̀ngán wa, èyí tí a ń kó àga òde àti kánópì sí. A fẹ́ kó o di ibi iṣẹ́: tábìlì, sólà pẹ̀lú inverter, àti íntánẹ́ẹ̀tì tí a ó jọ máa dá owó rẹ̀. Ẹni tó bá ń ti ilé ṣiṣẹ́ á lè rìn wá láàárọ̀, á rí èèyàn bí ara rẹ̀, àwọn tó ti mọ iṣẹ́ á máa fi han àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́. Onílé tó bá ń fura sí ọmọ kan lè yà wọlé wá wo ohun tó ń ṣe. A ti bá ìyá kan tó ń tajà ní òpópónà náà sọ̀rọ̀ pé kó máa gbé oúnjẹ wá lọ́sàn-án. Ìwé ètò ìnáwó ti wà lọ́wọ́ akápò. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ àgbà ní kí a fi yàrá náà háyà fún ilé ìtajà, pé owó á máa wọlé lóṣooṣù. Owó yẹn dáa lóòótọ́, n ò lè bá wọn jiyàn lórí ìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n wa ti Ring Road kò tíì kó lọ sí Èkó. Ó jókòó, ó ka gbogbo iṣẹ́ tó ti ṣe láàárín oṣù mẹ́ta, ó kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ tí wọ́n gbé e fún un àti ọjọ́ tó dá a padà, ó sì fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá rẹ̀. Wọ́n ní àwọn á fún un lésì kí oṣù yìí tó parí. Ó ní tí wọ́n bá kọ̀, òun á wá iṣẹ́ mìíràn.

Ìpàdé gbogbogbòò ni Sátidé àkọ́kọ́ oṣù tó ń bọ̀, aago mẹ́wàá òwúrọ̀, níbẹ̀ ni wọ́n á ti dìbò lórí yàrá náà. Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn odi lè dìbò lórí gúrúùpù, akọ̀wé á gbé e síbẹ̀. Bàbá wa tó fi ohùn ránṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má ṣàìwá. Màá fúnra mi wá gbé yín, kí ẹ lè kọ́kọ́ rí inú yàrá náà kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀.